Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Ìwé

Ẹ mọ̀ pé ìwé la máa ń gbé yẹ̀wò níbí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ibi tí wọ́n gbé ìwé kan sí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí láti bí oṣù mélòó kan.

Mo yà sí ilé ìkàwé ìjọba kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń ṣe NCE, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sì dá lórí ewì Yorùbá. Ìwé márùn-ún ló kó síwájú. Ìtàn àròsọ ni mẹ́rin, ìkarùn-ún jẹ́ ìwé gírámà. Mo bi í pé, "Ṣé wọn ò ní Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá níbí ni?" Ó ní, "Wọ́n ní in, sà. Àárín àwọn ìwé àjẹ́ ló wà. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo dìde, mo lọ wò ó fúnra mi. Òótọ́ lọmọ náà sọ. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kó jọ, tí ilé iṣẹ́ Collins tẹ̀ jáde ní 1968, ni wọ́n lẹ nọ́ńbà 133.3 mọ́ lẹ́yìn. Lápá òsì rẹ̀, ìwé nípa òkú tó ń dẹ́rù ba àwọn ará ilé kan nílùú òyìnbó. Lápá ọ̀tún rẹ̀, ìwé nípa àjẹ́ àti ẹ̀mí àìmọ́. Ẹ sún síwájú díẹ̀, wíwo ìràwọ̀. Ẹ tún sún, wíwo àtẹ́lẹwọ́. Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ náà, mo ní kó yá ìwé náà lọ sílé, ewì tó ń wá ló kún inú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Sà, màmá mi ò ní jẹ́ kí n gbé e wọlé láéláé."

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ yìí dáadáa o. Kò sẹ́ni tó fòfin de ìwé náà. Wọ́n gbà á sílé, wọn ò tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè nawọ́ mú un. Síbẹ̀, ẹni tí ìwé náà ì bá wúlò fún jù lọ nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà kò mú un, ohun tó sì lé e sẹ́yìn ò ju ẹyọ nọ́ńbà mẹ́rin àti àmì kékeré kan lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìdájọ́ méjì ni ilé ìkàwé máa ń ṣe lórí ìwé tí àríyànjiyàn bá wà lórí rẹ̀. Ìkíní ni pé ṣé a ó gbà á wọlé. Ìkejì ni pé níbo la ó gbé e sí, orúkọ wo la ó sì máa pè é. Orí ìkíní ni gbogbo wa ti ń pariwo. Ìkejì ló ń ṣiṣẹ́ láìsí ariwo.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkíní ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ìyẹn American Library Association, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ kan ní 1939. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀yà ẹni tó kọ ìwé, orílẹ̀-èdè rẹ̀, òṣèlú rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ yan ìwé tàbí kọ̀ ọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé John Steinbeck, The Grapes of Wrath, jáde, tí àwọn kan sì ń lé e kúrò ní ilé ìkàwé ìlú wọn. Ní 1953, Lester Asheim kọ àròkọ kan tí mo máa ń fẹ́ràn láti tọ́ka sí. Ó ní ẹni tó ń yan ìwé ń wá ìdí tí ìwé fi yẹ kó wọlé, ẹni tó ń dí ìwé lọ́nà sì ń wá ìdí tí yóò fi lé e síta. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì mú dání o; ohun tí ojú wọn ń wá ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1959, Marjorie Fiske tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ilé ìkàwé ní California. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹnu sọ pé ìwé kò gbọ́dọ̀ ní ìdíwọ́ ni wọ́n ń yẹra fún ìwé alárìíyànjiyàn fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni tó wá fẹjọ́ sùn rárá. Ẹ̀rù ló ń bá wọn yan ìwé. Abájọ tí a kì í fi í gbọ́ ariwo. Ìwé tí kò wọlé rí, ta ni yóò béèrè ibi tó lọ?

Lọ́dọ̀ tiwa, òfin kan wà láti 1970 tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Ilé Ìkàwé Àpapọ̀. Òfin tó dára ni, nítorí kò béèrè bóyá ìwé náà wu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé ìjọba ìpínlẹ̀, èyí tó sún mọ́ ọmọ wa, owó tí ìjọba bá rí fún un ló ń ná, ẹ̀bùn tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ láti òkèèrè ló ń gbà. Ìwé tí a fúnra wa ń kọ, èyí tí òǹkọ̀wé fi owó ara rẹ̀ tẹ̀, tó tà níbi ìfilọ́lẹ̀, tó kó ìyókù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò gbé e dé ibẹ̀? Nítorí náà, tí ẹ kò bá rí ìwé kan níbẹ̀, ẹ má tètè sọ pé wọ́n fòfin dè é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ gbọ́ pé ó wà.

Ká wá ní ìwé ti wọlé. Ìdájọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìkàwé ìlú, ètò Melvil Dewey ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní 1876 ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ilé ìkàwé Amherst College ní Amẹ́ríkà ló sì ti ṣe é. Ó pín gbogbo ìmọ̀ ayé sí ìsọ̀rí mẹ́wàá. Ẹ̀sìn gba 200. Nínú 200 yẹn, Bíbélì wà ní 220, ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì gba 230 títí dé 280. Gbogbo àwọn tó kù láyé pátá, 290 ni wọ́n fún mọ́ra wọn sí. Ìsìláàmù wà ní 297. Ẹ̀sìn Yorùbá wà ní 299.68333. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn dáadáa: ẹyọ mẹ́jọ. Bí ètò náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó rí, ìdí ìdí ni wọ́n ń wá àyè fún un.

N kò sọ pé Dewey jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò mọ̀ wá rí. Ìwé tó wà nílé tiẹ̀ ló tò, ìwé Kìrìsìtẹ́nì ló sì kún ibẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tiẹ̀ ló wò. Àwa tí a gba orúkọ náà bẹ́ẹ̀ láìwo ilé tiwa ni mo ń bá wí.

Ẹ wo ìwé ẹsẹ Ifá kan ṣoṣo. Tí ẹ bá gbé e sí 133.3, ẹ ti sọ pé ọ̀kan nínú iṣẹ́ òkùnkùn ni, aládùúgbò àjẹ́. Tí ẹ bá gbé e sí 299.68333, ẹ ní ẹ̀sìn ni. Tí ó bá jẹ́ 398.2, ìtàn ìbílẹ̀ ni, nǹkan tí ìyá àgbà ń pa lálẹ́. Tí ó bá jẹ́ 896.333, lítíréṣọ̀ Yorùbá ni. Ìwé kò yí padà, kò sí ojú ewé kan tí wọ́n fà ya. Ẹni tí yóò kà á ló ń yí padà.

Ẹ sì wá fi Fágúnwà wé e. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wà ní 896.333 láìsí àríyànjiyàn. Iwin wà níbẹ̀, ànjọ̀nú wà níbẹ̀, ọfọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin yẹn gan-an lè ti kà á ní ilé ìwé, kó sì máa rẹ́rìn-ín tó bá rántí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sá fún un, nítorí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọ fún gbogbo wa pé ká fọkàn balẹ̀, ìtàn ni. Ní 1951, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fọwọ́ sí ìwé mìíràn tó tako lílẹ àmì ìkìlọ̀ mọ́ ìwé, torí pé àmì bẹ́ẹ̀ máa ń dá ẹjọ́ kí òǹkàwé tó ṣí ojú ewé kìíní. Ó dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà lè jẹ́ àmì ìkìlọ̀. Nílé ìkàwé tí mo lọ, iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń ṣe.

Ẹni tó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ni Dorothy Porter. Ní 1930 ló bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó àkójọ ìwé nípa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Howard University ní Washington. Ó wádìí bí àwọn ilé ìkàwé yòókù ṣe ń to irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń kó wọn dà sí: 325, ti àwọn tó ń ṣí láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, àti 326, ti ẹrú. Kódà ìwé ewì James Weldon Johnson, 325 ni. Kí ló kan ewì kan ìṣílọ? Àwọ̀ ẹni tó kọ ọ́ nìkan ni wọ́n rí. Porter kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ewì sọ́dọ̀ ewì, orin sọ́dọ̀ orin, ìtàn sọ́dọ̀ ìtàn. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni pé láàrin 1962 sí 1964, obìnrin yìí wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ wa, lábẹ́ Ford Foundation. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa. A ò lè sọ pé irú ìmọ̀ yìí ò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹnì kejì ni Sanford Berman. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé yunifásítì Zambia ló ti ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ ló ti rí i pé kátálọ́ọ̀gì tí wọ́n ń mú láti Library of Congress ṣì ń pe àwọn èèyàn kan ní gúúsù Áfíríkà ní "Kafirs". Èébú ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn òyìnbó ibẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Áfíríkà ló sì jẹ́ kó yé e bó ṣe ń dunni tó. Ní 1971 ó kó gbogbo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó rí jọ sínú ìwé kan, Prejudices and Antipathies. Láti 1973 títí di 1999, ó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe kátálọ́ọ̀gì ní ilé ìkàwé ìlú Hennepin County, ní Minnesota. Kò dúró de Washington. Orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe ara wọn ló fi sínú kátálọ́ọ̀gì tiẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún Berman, ṣùgbọ́n mo ní iyè méjì kan. Ìjà rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ló pọ̀ sí, àwọn tó tẹ̀ lé e sì lè rò pé tí ọ̀rọ̀ bá ti mọ́, iṣẹ́ ti parí. Ẹ wo ti "illegal aliens", orúkọ tí Library of Congress ń pe àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà láìní ìwé àṣẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Dartmouth College ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ní 2014 pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ní 2016 Library of Congress gbà. Àwọn olóṣèlú kan ní ilé aṣòfin ní àwọn ò gbà. Oṣù kọkànlá 2021 ni ó tó yí padà. Ọdún méje lórí ọ̀rọ̀ méjì! Ó tọ́ kí wọ́n jà á. Síbẹ̀, tí a bá fún ìwé kan ní orúkọ tuntun tó dára, tí a sì fi í sílẹ̀ láàrin àwọn aládùúgbò tó ń bà á jẹ́, ìdajì iṣẹ́ la ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ti ń sọ lọ́kàn pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ìwé ni ká máa fún ní ibi tó wù ú?" Rárá o. The Protocols of the Elders of Zion wà níbẹ̀, irọ́ burúkú tí wọ́n pa mọ́ àwọn Júù ní Rọ́ṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ní 1921, ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé inú ìwé Faransé kan tí kò sọ̀rọ̀ nípa Júù rárá ni wọ́n ti jí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọ. Lójú tèmi, ilé ìkàwé lè ní in, nítorí a ò lè kọ́ ọmọ nípa irọ́ tí a ò jẹ́ kó rí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sáàárín ìwé ìtàn àwọn Júù láìsọ ohunkóhun, ẹ ti bá irọ́ náà jẹ́rìí. Kátálọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ sọ pé ayédèrú ni.

Ẹ ó ní, àmì ìkìlọ̀ kọ́ nìyẹn? Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, òun sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Pé Protocols jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rí wà níbẹ̀: a lè gbé ìwé méjèèjì síra, ká fi ìka tọ ìlà. Pé Ifá jẹ́ iṣẹ́ òkùnkùn, èrò ẹni tó ń sọ ọ́ ni. Ẹni tó ń ṣe kátálọ́ọ̀gì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tí ìwé dá lé lórí àti bí wọ́n ṣe ṣe é, níwọ̀n bí ẹ̀rí bá ti wà. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi nọ́ńbà wàásù.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé mo máa ń pariwo pé lítíréṣọ̀ ni Ifá, pé 896.333 nìkan ló yẹ ẹ́. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ babaláwo ló dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ewì ha kọ́ ni Sáàmù bí? Ṣé ẹ̀yin le yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì, kí ẹ gbé e fún àwọn akéwì?" Mo dákẹ́. Nínú ètò Dewey, Sáàmù wà ní 223.2, láàrin Bíbélì, ibẹ̀ sì ni àwọn olólùfẹ́ ewì ti ń lọ kà á. Ṣé ẹ rí i? Bí mo ṣe ń gba Ifá lọ́wọ́ àwọn tó pè é ní iṣẹ́ òkùnkùn, èmi náà fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti yí ohùn mi padà.

Kí wá ni ká ṣe? Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Sà, bí a ṣe rí i nínú àkọsílẹ̀ tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì la ṣe dà á kọ." Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ káàkiri ayé nìyẹn, ilé ìkàwé kan ń da ti èkejì kọ nítorí iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ ò tó. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí kò ní owó nínú rárá.

Èkíní, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìwé lè ní, nítorí kò lè dúró níbi méjì. Àmọ́ kókó-ọ̀rọ̀ tí a fi ń wá a nínú kátálọ́ọ̀gì lè tó mẹ́ta, ó lè tó márùn-ún. Kò sóhun tó ní kí ìwé Abímbọ́lá má ní "Ifá", "Ewì Yorùbá" àti "Lítíréṣọ̀ alohùn" lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá tẹ "ewì" sínú kọ̀ǹpútà yóò rí i, ibi yòówù kó wà.

Ìkejì ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú ètò Dewey fúnra rẹ̀, wọ́n fi 298 sílẹ̀ lófìfo. Ìlànà ètò náà sọ pé ilé ìkàwé tó bá fẹ́ fún ẹ̀sìn kan ládùúgbò rẹ̀ ní nọ́ńbà kúkúrú lè lo 298 fún un. Ẹyọ nọ́ńbà mẹ́ta bíi ti Bíbélì! Kì í ṣe pé a ó dìtẹ̀, kì í ṣe pé a ó kọ̀wé sí Amẹ́ríkà láti tọrọ àyè. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Àwa la ò tì í wò. Ní 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn iṣẹ́ àtàtà ogún àjogúnbá ọmọ ènìyàn. Ẹ wá sọ fún mi ìdí tí yóò fi máa bá wíwo àtẹ́lẹwọ́ jókòó nílùú tí wọ́n ti bí i.

Ẹ̀dà ìwé tèmi ni mo yá ọmọbìnrin yẹn. Kò ní nọ́ńbà kankan lẹ́yìn. Ó gbà á, ṣùgbọ́n ó ní ilé ẹ̀kọ́ lòun ó ti máa kà á, òun ò ní gbé e délé. N kò bá a jiyàn. Ìyẹn kọjá ohun tí ọ̀sán kan lè tún ṣe.

Mo mọ̀ pé ó kéré tán, ẹni mẹ́fà nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló wà ní ilé ìkàwé ìjọba báyìí, àwọn kan tiẹ̀ ti di ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé ibiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹ lọ sídìí 133, kí ẹ wo ohun tiwa tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí 298. Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ ohun tí ẹ bá.